Ẹ̀ẹ̀melòó Lẹ Kúnlẹ̀?

Agége,
Ọjọ́rú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun àárọ̀ tán.

Rẹ̀mílẹ́kún, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé o ń sùn dáadáa ní Ìbàdàn? Ṣé yàrá tí wọ́n fún ọ kì í jò? Ó tó, mo ti kí ọ. Jókòó kó o gbọ́ ohun tí kò jẹ́ kí n lè jókòó láti àná.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Bàbá rẹ ló kà á sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Rẹ̀mí, ọmọ wa ti di ọ̀gá o!” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lásìkò tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní sáàpù ń lé àwọn bàbá ọlọ́mọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri Ìkẹjà yìí, tí ẹni tó bá rí gàrí mu ń dúpẹ́, kí wọ́n gba ọmọ ẹni sí ọ́fíìsì ìwádìí ti yunifásítì, kí wọ́n ní kó máa tọ́jú gbogbo fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Àfi bó ṣe kà á dé ojú ewé kejì. O ní fọ́ọ̀mù àwọn obìnrin Agége ló ń dà ọ́ láàmú. O ní ìdáhùn wọn kò bára mu, pé obìnrin kan náà á sọ pé ọmọ mẹ́ta lòun bí, bí ẹlòmíì bá tún padà lọ bi í, á ní márùn-ún. O ní ọ̀gá rẹ fẹ́ kó o fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì pé kí wọ́n yọ odindi àpò fọ́ọ̀mù náà kúrò nínú iṣẹ́, kí wọ́n sì tà á fún àwọn ẹlẹ́pà tó ń wá ìwé tí wọ́n máa fi pọ́n ẹ̀pà. O sì wá fi àwàdà kún un, pé, “Màámi, irọ́ ni àwọn ìyá Agége yẹn ń pa jàre.”

Àwàdà! Mo dìde. Mo gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá. Mo lọ sẹ́nu géètì, mo padà. Bàbá rẹ ní kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan. Nǹkan wà, Rẹ̀mí. Ó ti pẹ́ tó ti wà.

Bọ̀dá Láyí, àbúrò bàbá rẹ, ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la, òun ni màá fi lẹ́tà yìí rán, kó lè bá ọ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Mo bẹ̀ ọ́, mo sì tún pa á láṣẹ fún ọ, torí èmi ni mo bí ọ: má fọwọ́ sí ohunkóhun kó o tó ka lẹ́tà yìí tán. Má sì fi ìwé tí mo fi kọ ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé ìkọ̀wé ti di ohun olówó ńlá, mi ò sì lè ra odindi páàdì nítorí lẹ́tà kan. Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù àtijọ́ ni mò ń lò, wọ́n wà nínú àpótí mi láti ọjọ́ yìí. Ìbéèrè tí wọ́n tẹ̀ sí ojú kejì, má tíì kà wọ́n. Bó bá tó àkókò, màá sọ fún ọ.

Ó yà ọ́ lẹ́nu pé mo ní fọ́ọ̀mù, àbí? O mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ní Ìkẹjà, pé mò ń kó bísíkíìtì sínú páálí. Ohun tó ò mọ̀ ni pé nígbà tí mo bí ọ tán tí wọn ò gbà mí padà síbẹ̀, irú iṣẹ́ tó ò ń ṣe yìí gan-an ni mo ṣe. Àwọn ará yunifásítì wá sí Agége, wọ́n ń wá obìnrin tó ka ìwé mẹ́fà jáde, tó gbọ́ Yorùbá dénú, tí àwọn ará àdúgbò sì mọ̀. Ọ̀gá wọn ni a ń pè ní Dókítà, ṣùgbọ́n kì í gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, dókítà ìwé ni. Iṣẹ́ wa ni ká wọ ilé dé ilé, ká bi àwọn obìnrin nípa ọmọ àti nípa omi. Àdúgbò tí ọmọ bá ti ń kú jù ni ìjọba máa kọ́kọ́ gbé pọ́ǹpù omi fún. Ológun ló wà lórí oyè nígbà náà. Ìgbà wo ni wọn ò sí níbẹ̀?

Inú ọgbà Alhaji là ń gbé, nítòsí ojú irin rélùwéè. O ò lè rántí ibẹ̀, a ti kó kúrò kó o tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Alhaji ni onílé, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ kànga tó wà láàárín ọgbà. Odindi àdúgbò ló ń pọn omi níbẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Omi náà mọ́ gaara, ó tutù bíi pé wọ́n bù ú láti inú àmù. Ṣáláńgá wà lẹ́yìn ògiri, ìṣísẹ̀ mélòó kan péré sí kànga. Ta ló ń rò ó nígbà náà?

Ó dára. Ìmọ̀ràn kìíní, kí n tó gbàgbé pé ìmọ̀ràn ni mo jókòó láti kọ.

Má ṣe kọ ohun tó ò rí. Mo mọ̀ pé inú ọ́fíìsì lo wà, ìwọ kọ́ ló ń wọlé kiri. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí kò mọ ìwà àwọn tó ń wọlé kiri, wọn á gbé e gun ẹṣin aáyán. Èmi náà ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oòrùn mú, ìwọ wúwo lẹ́yìn mi, o sì ń ké. Mo jókòó lábẹ́ dóńgóyárò lẹ́bàá ojú irin, mo fún ọ lọ́mú, mo sì fi bíìrò kọ ìdáhùn ilé mẹ́rin tí ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀. Mo bí ọmọ fún wọn, mo fún wọn lọ́kọ, mo fún wọn ní kànga. Nígbà tí Dókítà ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó yọ ọ̀kan, ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀.

“Ìyá Rẹ̀mí, obìnrin ọlọ́mọ mẹ́rin tó wà nílé yìí, ṣé orí pẹpẹ ló ń sùn ni?”

Mo ní, “Sà?”

“Ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé yẹn.”

Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé sínú ẹ̀. Kò lé mi o. Ó kàn dá fọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà fún mi, ó ní kí n lọ. Ṣé o rí i, bí wọn ò bá tiẹ̀ mú wa, ìyẹn ò ní kó má jẹ́ irọ́. Torí náà, bó o bá fẹ́ wá ẹni tó ń pa irọ́ nínú àpò fọ́ọ̀mù yẹn, kọ́kọ́ wo orúkọ àwọn tó lọ béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹni tí wọ́n bi léèrè lẹ kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Dúró, ẹ̀wà ń jó.

Mo ti dé. Ìsàlẹ̀ ìkòkò nìkan ló jó, a ó jẹ ẹ́.

Èkejì. Èyí ni mo tìtorí ẹ̀ dìde láti àná. Ìbéèrè tí wọ́n tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù wa ni, “Ọmọ mélòó lẹ ti bí?” Lójú àwọn tó tẹ̀ ẹ́, kò sí ìbéèrè tó rọrùn tó o. Mo dé ilé àkọ́kọ́, mo kí wọn, mo bi wọ́n.

“Háà! Ìyá Rẹ̀mí! Ta ló rán ọ? Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni?”

“Ìjọba ló fẹ́ mọ̀, mà.”

“Kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọlọ́run ló mọye wọn.”

Bí mo ṣe ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn. Àwọn kan lé mi. Àwọn tí ò lé mi, ọmọ tó ń sáré kiri lójú wọn nìkan ni wọ́n kà. Èyí tó ti lọ, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ta ló máa dúró lójúde lọ́sàn-án gangan kó máa ka òkú ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó mú bíìrò dání? Mo kọ ohun tí wọ́n sọ, mo rò pé mo ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo dé ilé tiwa, mo kọ tèmi náà, torí obìnrin inú ọgbà yẹn lèmi náà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Dókítà padà wá. Ó pe àwọn àgbà àdúgbò jọ sójúde Alhaji, ó ní ìròyìn ayọ̀ lòun mú wá, pé nínú gbogbo àdúgbò tí wọ́n wò, ọmọ ò fi bẹ́ẹ̀ kú lọ́dọ̀ tiwa. Pọ́ǹpù yóò lọ sí òdìkejì ojú irin. Alhaji dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó pín góòrò. Èmi náà jẹ góòrò.

Kò ju oṣù kan lọ tí Wàhábì, ọmọ Ìyá Ràmọ́tà, fi bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, tó ń bì. Ìyá Ràmọ́tà ni aládùúgbò wa, ògiri kan ló pín yàrá tiwa àti tiẹ̀ níyà, ọṣẹ ló ń tà. Wàhábì ti ń fà, ó máa ń fà wá sẹ́nu ọ̀nà wa láti wá gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ. A ń fún un lómi ṣáá, pé kí ara rẹ̀ má gbẹ. Omi kànga kan náà ni. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ ti bọ́.

Mo lọ bá a jókòó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kò sunkún. Ó ń gé ọṣẹ, ó ń tò ó. Ó ní, “Ìyá Rẹ̀mí, ṣé o mú fọ́ọ̀mù rẹ wá? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò bí Wàhábì.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

“Kí ni kí n sọ? Ọmọ lo bi mí. Èyí tó wà láàyè là ń pè lọ́mọ. Òun ti kúrò níbẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní, “Báwo ló ṣe yẹ kí n bi yín?”

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ṣé ìwọ ò kúnlẹ̀ rí ni? Bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo kúnlẹ̀. Ìyẹn ni màá sọ fún ọ láìṣẹ́jú. Ìkúnlẹ̀ tèmi ni, ikú ò lè gbà á lọ́wọ́ mi, kò sì sí ojú burúkú tó lè ṣe é ní nǹkan kan.” Ó wá wò mí, ó wò mí gan-an. “Ìwọ náà ńkọ́? Kí lo kọ sí tìẹ?”

Mo ní mò ń bọ̀, mo jáde. Màá dáhùn ìbéèrè yẹn fún ọ kí lẹ́tà yìí tó parí, mi ò ní jáde lónìí.

Lọ́jọ́ kejì mo ra ìwé ọmọ ilé-ìwé kan, mo fi ìlà pín in. Dókítà ò rán mi, kò sẹ́ni tó máa sanwó fún mi. Mo pọ̀n ọ́, mo padà sí gbogbo ilé tó ń pọn omi Alhaji, mo sì lọ sí àwọn ilé tó wà ní òdìkejì títì, àwọn tó ń pọn omi kànga iléèwé. Ìbéèrè méjì péré. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ kúnlẹ̀? Nínú wọn, ẹni mélòó ló ń jẹun?

Rẹ̀mí, àwọn obìnrin tó lé mi níjọ́sí fà mí láṣọ pé kí n jókòó. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Obìnrin kan ń fi ìka ka ìkúnlẹ̀ rẹ̀: ti ìgbà tí òjò gbé páànù lọ, ti ìgbà tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ, ti ìgbà tí òun ò tíì kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kà á dé ìparí, ó ní, “Kò sẹ́ni tó bi mí rí.” Fún ìkúnlẹ̀ kọ̀ọ̀kan mo fa igi kan. Èyí tó ń jẹun, mo fi bíìrò yí òrùka ká a. Nígbà tí mo fi máa parí, èèyàn ò nílò láti lọ yunifásítì kó tó rí i. Lódìkejì títì, igi díẹ̀ ni kò ní òrùka. Lọ́dọ̀ tiwa, igi lásán ló kún inú ìwé.

Ṣé ó ti ń yé ọ báyìí? Obìnrin Agége tó ní mẹ́ta, tó tún wá ní márùn-ún, lọ wo ohun tí wọ́n bi í nígbà àkọ́kọ́ àti ohun tí wọ́n bi í nígbà kejì. Màá fi ọwọ́ mi sọ̀yà pé ọ̀kan béèrè ọmọ, èkejì béèrè ìkúnlẹ̀. Méjì tó wà láàárín mẹ́ta àti márùn-ún, irọ́ kọ́ o. Sàréè ni. Òun náà lẹ fẹ́ fi pọ́n ẹ̀pà.

Mo tún ti dìde lẹ́ẹ̀kan. Inú ló bí mi. Mo ti padà jókòó.

Ìmọ̀ràn kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin ni? Èmi tí mò ń kọ́ ọ ní ìkà, mi ò mọ ibi tí mo kà dé. Èyí tó bá jẹ́, gbọ́: iye ni kó jáde, kí orúkọ jókòó sílé. Mo ṣe àṣìṣe kan lórí èyí tí ojú ń tì mí dòní. Ìyàwó ilé kan sọ fún mi pé òun ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nílé bàbá òun, kí òun tó mọ ọkọ òun. Torí mo bi í dáadáa ló ṣe sọ ọ́. Èmi wá lọ sẹ́bàá kànga, ẹnu mi ò gbé jẹ́ẹ́, mo sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo péré. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọkọ ti kó ẹrù rẹ̀ síta. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú ọkọ yẹn, Rẹ̀mí. Mo ní irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, pé ìlara ló mú mi. Ó gbà á padà, ṣùgbọ́n obìnrin náà ò kí mi mọ́ títí a fi kó kúrò ládùúgbò. Kò jẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gé etí gbogbo ojú ewé tí orúkọ wà nínú ìwé mi, mo fi iná sí i. Igi àti òrùka nìkan ló kù. Àwọn ìyá tó wà nínú àpò ọ́fíìsì rẹ yẹn, inú ilé wọn ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún yín. Ìgbà tí o bá tà á fún ẹlẹ́pà, ta ló máa ka orúkọ wọn bó ṣe ń jẹ ẹ̀pà lójú títì? Ṣé o rò ó débẹ̀?

Jẹ́ kí n sọ bí ìwé náà ṣe parí, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn tó kù wà.

Mo kó o fún Dókítà. Ó kà á lórí ìdúró, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Ó ní, “Ìkúnlẹ̀. Gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí èyí tó kọ́ mi.” Ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá bu omi kànga lọ yẹ̀ wò, ó sì ní òun máa kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Ó kọ ọ́. Wọ́n ní ìwé náà nípọn, ó wà ní yunifásítì. Mi ò rí i rí, Ìyá Ràmọ́tà náà ò rí i. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí ni, òkú ọmọ ìbá ṣì máa jáde nínú ọgbà yẹn, ìwé á máa nípọn lọ.

Àmọ́ mo ti fi kábọ̀nù da tèmi kọ. Mo fún lèmọ́mù ní ọ̀kan, mo fún pásítọ̀ wa ní ọ̀kan, mo fún agbẹ̀bí ní ọ̀kan, mo sì mú èyí tó kù lọ bá Alhaji fúnra rẹ̀. Kànga rẹ̀ ni, ojú rere rẹ̀ sì ni. Mo kúnlẹ̀, mo fi hàn án.

Ó wò ó. “Kí lèyí? Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé omi tí mo ń fún àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń pa wọ́n lọ́mọ?”

“Alhaji, èmi kọ́. Ẹ bi àwọn ìyá wọn.”

“Ìwọ obìnrin Èkìtì yìí, o láyà o. Máa lọ.”

Mo lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, bàbá rẹ ní ó ti lé wa nìyẹn. Kò lé wa. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó pe àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn gẹ́lẹ́, bí mo ṣe kọ ọ́ sókè ìwé. Ìyá àgbà ilé ló sọ fún wa lẹ́yìn náà. Ó ní àti ọjọ́ tóun ti wọlé ọkọ, ọkọ òun ò béèrè rí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, Alhaji fọwọ́ bojú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a gbọ́ ariwo lágbàlá. Alhaji ni, òun àti bíríkìlà, wọ́n gbé pákó àti sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń bo kànga tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Nígbà tó ṣe tán, ó gba kábọ̀nù mi, ó kó àwọn onílé jọ, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì kánsù. Àwọn ará kánsù ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn, wọn ò lọ. Wọ́n jókòó ti ìwé náà lójoojúmọ́ títí pọ́ǹpù fi dé.

Agbẹ̀bí lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri rẹ̀, kò sì jẹ́ kí aboyún kan lọ láìkọ́ ọ bó ṣe ń se omi. Tíṣà iléèwé fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìyọkúrò. Bíríkìlà tó bo kànga yẹn ò gbà mọ́ láéláé kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, á ní, “Ẹ lọ wo ìwé Ìyá Rẹ̀mí.” Wọ́n fọwọ́ tú ìwé yẹn títí ó fi gbó, ó fà ya. Ìyẹn ló yẹ kí ìwé yín náà kú sí, ọmọ mi. Bẹ́ ẹ bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará àdúgbò, ẹ gbé èsì ẹ̀ padà fún wọn ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn ló ni ín. Yunifásítì kàn bá wọn gbé e ni.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ẹtì, gbé àpò náà lọ síwájú ọ̀gá rẹ. Bọ̀wọ̀ fún un, má bá a jà, àmọ́ má fọwọ́ sí i. Sọ fún un pé kó jẹ́ kó o to fọ́ọ̀mù náà sí ọ̀nà méjì, ẹni tí wọ́n bi ní ọmọ àti ẹni tí wọ́n bi ní ìkúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò sí níta. Bó bá lé ọ, máa bọ̀ nílé, ẹ̀wà jíjó yìí á kárí wa. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, kì í ṣe pé ẹ̀rù ò bà mí o.

Ó ku ìbéèrè Ìyá Ràmọ́tà.

Láti kékeré lo ti ń bi mí pé, “Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ mí ní Rẹ̀mílẹ́kún? Ẹkún wo lẹ̀ ń sun?” Mo ní ìyá mi àgbà ló kú. Irọ́ ni, Àbẹ̀kẹ́. Yí ojú ewé tó ò ń kà yìí padà báyìí. Fọ́ọ̀mù tèmi ni, ẹ̀dà tí mo fi pamọ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye ọmọ tí mo bí, wàá rí i pé mo kọ “ọ̀kan” síbẹ̀. Ìwọ ni ọ̀kan yẹn, o wà lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi. Ọkùnrin ni àkọ́bí mi, Káyọ̀dé ló ń jẹ́. Ó ti ń di ògiri mú rìn. Bó bá gbọ́ fèrè ilé-iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, á dúró sẹ́nu ọ̀nà de bàbá rẹ. Omi kànga yẹn ni mo ń bù fún un mu, èmi fúnra mi, pẹ̀lú ife rẹ̀. Ìyá bàbá rẹ ní ká má dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí ìwọ tó wà nínú lè dúró, mo sì gbà. Ẹ̀rù bà mí, n kò dárúkọ rẹ̀ lójú fọ́ọ̀mù, n kò sì fa igi rẹ̀ sínú ìwé tí mo fi bi gbogbo ayé. Bí mo bá ti kọ “méjì” lọ́jọ́ yẹn, bí èmi tó mọ̀ ọ́n kọ bá ti kọ́kọ́ sọ òtítọ́, bóyá Dókítà ìbá béèrè ọ̀rọ̀ kí Wàhábì tó mu omi yẹn. N ò mọ̀. Ohun tó ń lé mi dìde nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí mo fẹ́ fa ìlà sí “ọ̀kan” yẹn, bíìrò mi ò yọ. Bàbá rẹ dúró sẹ́yìn mi, mi ò mọ̀gbà tó dé. Ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó yọ bíìrò tirẹ̀ lápò, ó fún mi. Wàá rí i pé “méjì” tí mo kọ síbẹ̀, àwọ̀ yíǹkì rẹ̀ yàtọ̀.

Bó o bá bi mí lónìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kúnlẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló ń jẹun: ìwọ, Délé àti Bùnmi.

Fi fọ́ọ̀mù yìí sínú àpò náà, mọ́ ti àwọn ìyá Agége. Bó o bá ṣì fẹ́ tà wọ́n fún ẹlẹ́pà lọ́jọ́ Ẹtì, ta tèmi mọ́ ọn.

Èmi tó bí ọ,
Ìyá Káyọ̀dé.